Orúkọ Ìdílé Yín Lè Má Tíì Pé Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Ẹ rántí fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ gbẹ̀yìn, ì báà jẹ́ ti JAMB tàbí ti NIN. Orúkọ tí ẹ kọ síwájú "surname" yẹn, ta ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ó ti wà láti ayé Ọ̀yọ́ Ilé. Rárá o. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọníyà dé Làlúpọn, Ẹgbẹ́dá àti Àkànrán, kò ju ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ.

Kí ló fà á? Láyé àtijọ́, ọmọ Yorùbá kì í fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣe orúkọ ìdílé. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ó pín orúkọ wa sí mẹ́ta: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ bàbá ni orílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, owó orí àti ilé ìwé ló mú orúkọ ìdílé wọlé. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní January 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ló wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà á bi ọmọ pé, "Kí ni orúkọ bàbá ẹ?" Ohun tọ́mọ bá sọ ló máa wọ inú rẹ́jísítà.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ògúndélé ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ nígbà tó gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí, ó di Sàláwù. Àkọ́bí rẹ̀ kọ Ògúndélé nílé ìwé, èkejì kọ Sàláwù, ẹ̀kẹta kọ orúkọ bàbá àgbà. Ọmọ bàbá kan, orúkọ mẹ́ta! Àwọn Onígbàgbọ́ náà ṣe tiwọn: ẹlòmíì tó ń jẹ́ Fágbèmí yí i sí Olúgbèmí. Kì í ṣe àwa nìkan o. Ọdún 1875 ni ìjọba Japan pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn ní orúkọ ìdílé. Ní Turkey, 1934 ni.

Ó dáa, ṣé àyẹ̀wò DNA ò lè ràn wá lọ́wọ́? Ní 2000, Bryan Sykes ti Yunifásítì Oxford yẹ Y chromosome àwọn ọkùnrin tó ń jẹ́ Sykes wò, ìyẹn apá DNA tó ń ti ara bàbá lọ sí ara ọmọkùnrin. Ó súnmọ́ ìlàjì wọn tó ní irú kan náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni orúkọ tiwọn ti ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Tiwa ò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Ìbàdàn fúnra rẹ̀ tún dá kún un. Ní nǹkan bíi 1829, àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀. Ológun kọ̀ọ̀kan ní agbo ilé tirẹ̀, tòun tọmọ, ọmọ ogun, ìwọ̀fà àti ẹrú. Oko wọn lẹ́yìn odi ló di ọ̀pọ̀ abúlé òní. Nígbà tó yá, gbogbo wọn ń fi orúkọ ológun yẹn pe ara wọn. Nítorí náà, ẹni méjì lè jọ jẹ́ orúkọ ilé kan kí wọ́n má jọ ní ẹ̀jẹ̀ kan.

Bí mo bá ń wá ìtàn orúkọ, ohun mẹ́rin ni mo máa ń béèrè. Èkíní, agbo ilé wo la ti wá nígboro Ìbàdàn? Èkejì, kí ni oríkì orílẹ̀ wa? Ọmọ Oníkòyí ń tọ́ka sí Ìkòyí, ọmọ Ọlọ́fà ń tọ́ka sí Ọ̀fà. Ìyẹn ló ń sọ ibi tí a ti wá kí Ìbàdàn tó wà. Àwọn ìyá àgbà àti ìyàwó ilé ni kẹ́ ẹ bi, àwọn ló mọ̀ ọ́n kì. Ẹ̀kẹta, kí ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn bàbá ńlá? Àyàn fi ìlù hàn, Ọ̀jẹ̀ fi eégún hàn, Ọdẹ fi iṣẹ́ ọdẹ hàn. Ẹ̀kẹrin, ìwé wo ló wà? Àkójọ ìwé ìjọba, National Archives, wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí I. B. Akínyẹlé kọ sì ti jáde láti 1911.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbé ohun tẹ́ ẹ rí sórí Facebook, ẹ rọra. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìdílé wà lára wọn. Ìlú sì ti ń jẹ oko lọ ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ síta pé ẹrú ni bàbá ńlá ẹnì kan, ẹ lè fún ẹni tó fẹ́ lé àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko láti ìran mẹ́rin ní ohun ìjà. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi máa ń dákẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá dé ibì kan.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè èyí tó ṣeé gbé síta. Ẹ fi oríkì àti ìtumọ̀ orúkọ han gbogbo ayé. Èyí tó kù, ẹ tọ́jú ẹ̀ sílé.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa tí wọ́n ti sọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká padà lọ wo ilé ọ̀hún dáadáa, nígbà táwọn tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ ṣì wà láyé.