Ṣé O Mọ̀? Àwọn Tó Rí Ikú Lójúkojú, Tí Wọ́n Padà Wá

Ṣé o mọ̀ pé inú odò ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìlọrin já sí nígbà tí Ìbàdàn lé wọn ní Ìkìrun? Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878 ni, odò Ọ̀tìn sì kún bámúbámú. Ogun Jálumi là ń pè é títí dòní.

Odidi ìlú náà máa ń sá fún ikú o! Àwọn ará Òkukù kó tọmọtọmọ lọ sá di Ìkìrun nítorí ogun Ìlọrin, ìgbà tí ogun rọlẹ̀ ní 1893 ni ọ̀nà ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún wọn. O bá ń nájà l'Ókukù lónìí, ṣé o lè rò ó pé ibẹ̀ ti dahoro rí?

Ní Inísà ńkọ́? Ìtàn ibẹ̀ ní obìnrin kan ló gba ìlú lọ́wọ́ ọ̀tá, òun ló wá di odò Ọ̀tìn. Odò kan náà! Ó gba ìlú kan là, ó gbé jagunjagun ìlú mìíràn lọ.

Fela ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bí òun! Ó sọ fún Carlos Moore, tó kọ ìtàn ayé rẹ̀, pé 1935 ni òun kọ́kọ́ wá. Òyìnbó Jámánì kan sọ òun lórúkọ, orúkọ náà ò wu òun, òun bá yáa bá tòun lọ, ó di 1938 kí òun tó padà. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ń jẹ́ Aníkúlápó, ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ọmọ kan láti Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lóru, àyà rẹ̀ ò gbà á. O mọ ẹni náà dáadáa: Àjàyí Crowther ni, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì fún wa ní Bíbélì Yorùbá.

Aláìsàn 344 ni Pim van Lommel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn ní Netherlands, gbogbo wọn ni ọkàn wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ kí dókítà tó jí wọn. 62 nínú wọn ló rántí ohun tí wọ́n rí lọ́hùn-ún. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé lẹ́yìn ọdún 8, ìyípadà tó dé bá wọn kò parẹ́, ńṣe ló ń jinlẹ̀ sí i: ẹ̀rù ikú lọ, ìfẹ́ ọmọnìkejì pọ̀.

Ní Íńdíà, ohun tí àwọn kan tó padà wá ń sọ ni pé ńṣe ni wọ́n ṣi àwọn mú! Òjíṣẹ́ ikú á gbé ẹni náà dé iwájú akọ̀wé, akọ̀wé á yẹ ìwé wò, á ní, "Òun kọ́ o, ẹ dá a padà."

Kechi Okwuchi jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Sosoliso já ní Port Harcourt lọ́dún 2005. Ẹni méjì péré ló yè é, òun sì jẹ́ ọ̀kan. Ní 2017, ó dúró lórí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, ó ń kọrin.

Wàyí o, gbọ́ ti Harrison Okene! Oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni ọkọ̀ ojú omi tó ti ń se oúnjẹ dojú dé, ó rì sí nǹkan bí mítà 30 nísàlẹ̀ òkun. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀, òun nìkan ló yè. Wákàtí 60 ló fi wà nínú òkùnkùn, omi dé àyà, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló kù fún un, àti ìgò kóòkì kan.

Àwọn òmùwẹ̀ wá kó òkú ni, wọn ò wá alààyè. Ọ̀kan rí ọwọ́ nínú omi, ó rò pé ọwọ́ òkú ni, ó fà á, ọwọ́ náà sì dì í mú!

Okene búra pé òun ò ní sún mọ́ òkun mọ́ láé. Ní 2015, ó gba ìwé ẹ̀rí òmùwẹ̀: ó lè wọ omi dé mítà 50.