Ṣé A Ti Ṣe Tán Láti Gba Ọmọ Ajá Sílé?

Díẹ̀ ni ẹni tí ọmọ ajá kì í wù. Bí ó bá ti ń ju ìrù, tí ó sì ń lá wa lọ́wọ́, ojú ẹsẹ̀ ni a ó fẹ́ gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n Olúwa wa Jésù Kristi kọ́ wa pé ẹni tí yóò kọ́ ilé-ìṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òbí jọ ṣe, nítorí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ìṣirò àkọ́kọ́ ni ti ọdún. Ajá tí a bá tọ́jú dáradára lè gbé ọdún 10 sí 13 láyé, bẹ́ẹ̀ ni ọdún 6 péré ni a ń lò ní ilé-ìwé girama. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba ọmọ ajá ní ọdún tí ó wọlé yóò kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ajá náà yóò sì wà lẹ́nu ọ̀nà síbẹ̀. Bí ọmọ bá ń sùn ní ọgbà ilé-ìwé, tàbí bí ó bá lọ sí yunifásítì, ta ni yóò máa bọ́ ajá rẹ̀? Bí kò bá sí ẹni tí ó lè dáhùn nínú ilé, a kò tí ì ṣe tán.

Ìṣirò kejì ni ti iṣẹ́ òòjọ́. Ọmọ ajá kò gbọdọ̀ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Bí ó bá dé, yóò máa jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, a ó sì máa mú un jáde lọ tọ̀, àní lóru pàápàá. Yóò jẹ bàtà, yóò ya ìwé. Sùúrù ni a fi ń kọ́ ọ, kì í ṣe ẹgba. Kì í sì í ṣe gbogbo àjẹkù ni a lè jù fún un: májèlé ni àlùbọ́sà àti ṣokoléètì jẹ́ fún ajá, egungun adìẹ tí a ti sè sì lè gún un nífun.

Ìṣirò kẹta, ti ìlera, ni ó wúwo jù. Ọmọ ajá ní láti lo oògùn aràn léraléra, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Nígbà tí ó bá pé oṣù 3, ó tó gba ti dìgbòlugi, a ó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ajá nìkan. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí onítọ̀hún tó yè, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú àwọn tí ó ń pa. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì sáré lọ sí ilé-ìwòsàn. Owó abẹ́rẹ́ tí a kò san lè di ẹ̀mí ọmọ aládùúgbò.

Kò sí ìtìjú nínú kí a sọ pé, "Ó di ìgbà mìíràn." Ẹni tí kò tí ì ṣe tán lè máa bá aládùúgbò tọ́jú ajá tirẹ̀, kí ó fi kọ́ iṣẹ́ náà. Nínú Ìwé Òwe orí 12, ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn wà lára ohun tí a fi ń mọ olódodo. Àjọ̀dún tí a ń ṣe yìí pẹ̀lú rán wa létí pé ìtọ́jú ojoojúmọ́ ní ń mú ohun tí a dá sílẹ̀ dúró. Bí ó ti rí fún ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọmọ ajá.