Kí A Tó Kọ́ Pápá Ìṣiré Tuntun

Ó ti di àṣà ní ilẹ̀ wa pé nígbàkígbà tí ìdìbò bá súnmọ́ etílé, a ó gbọ́ ìlérí pápá ìṣiré tuntun. Ẹni tí ń du ipò yóò wí pé èyí tí òun yóò kọ́ yóò gba 20,000 òǹwòran. Ẹni tí ń bá a du ipò náà yóò wí pé tòun yóò gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ a pàtẹ́wọ́, onílù a dá sí i, wọn a sì gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kí àwọn ayàwòrán lè rí nǹkan yà.

A kò kọ ìwé yìí láti bu ẹnu àtẹ́ lu pápá ìṣiré. Bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá a máa kó Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́, olówó àti tálákà, jókòó sórí ìjókòó kan náà, wọn a sì jọ kígbe ayọ̀ kan ṣoṣo. Ìjọba tí ó bá pèsè irú ibi bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú ṣe ohun rere. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí ẹnu ọ̀nà pápá tuntun, ó yẹ kí a yẹ ilé wò dáadáa.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń bèèrè pé, “Ilé ẹ̀kọ́ ń jò, ilé ìwòsàn kò ní oògùn, kí ni a fẹ́ fi pápá bọ́ọ̀lù ṣe?” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ tì sẹ́yìn. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà nì fi iṣẹ́ dá irú ìbéèrè yìí lóhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni telifísọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọdún 1960, ọdún òmìnira, ni a ṣí Pápá Ìṣiré Liberty ní ìlú kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń to nǹkan tẹ̀lé ara wọn, kí ó wo àwọn ọdún wọ̀nyí: ilé ẹ̀kọ́ ni ó ṣáájú, pápá ni ó tẹ̀ lé e. Pápá náà kò sì jókòó lásán. Níbẹ̀ ni Dick Tiger, ọmọ ilẹ̀ wa, ti bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, tí ó sì borí rẹ̀ lẹ́yìn abala keje, tí adé àgbáyé kò fi bọ́ lórí rẹ̀. Láti ọdún 2010 ni pápá náà ti ń jẹ́ orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Bí a bá ti gbà pé ó tọ́ kí a kọ́ ọ, níbo ni kí a kọ́ ọ sí? Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará Bràsíìlì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ pápá Maracanã ní ìlú Rio de Janeiro fún ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 1950, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Carlos Lacerda, olóṣèlú pàtàkì kan, fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí Jacarepaguá, tí ó jìnnà sí àárín ìlú. Mário Filho, oníwèé ìròyìn eré ìdárayá, ta kò ó nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sá eré ẹṣin nígbà àtijọ́ ni kí ó wà, níbi tí òṣìṣẹ́ àti tálákà lè dé láìsí wàhálà. Èrò tirẹ̀ ni ó borí, nígbà tí ó sì kú ní ọdún 1966, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá náà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ilẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ó wà nínú igbó jìnnàjìnnà lè wọ́n ju ilẹ̀ olówó iyebíye lọ, bí ará ìlú kò bá rí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn débẹ̀.

Ṣùgbọ́n Maracanã kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn pẹ̀lú, èyíinì ni ti ìkánjú. Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1948 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oṣù kẹfà ọdún 1950 sì ni ìdíje yóò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sáré, wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà náà, nígbà tí iṣẹ́ ṣì kù ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje, òǹwòran 173,850 ni ó san owó wọlé láti wo bí Uruguay ti fi àmì ayò 2 sí 1 na àwọn onílé. Ìgbà wo ni wọ́n wá parí ilé náà pátápátá? Ọdún 1965 ni. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣí i, ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi parí rẹ̀! Àwọn baba wa kò sọ àsọdùn nígbà tí wọ́n wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní ń le koko.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí ilẹ̀ gan-an. Ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù fún ìdíje ńlá ni mítà 105 ní gígùn àti mítà 68 ní ìbú. Bí òjò oṣù kẹfà bá rọ̀ sórí rẹ̀, tí omi rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí àwọn olùkọ́ ìṣirò bá wa ṣe é: lítà 357,000 ni omi tí ó bọ́ sórí koríko nìkan, láìka èyí tí ń ṣàn láti orí òrùlé. Bí ó bá jẹ́ amọ̀ líle ni ó wà lábẹ́ koríko náà, pápá a di ọ̀gọ̀dọ̀. Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí iyanrìn wà lórí rẹ̀, kí páìpù tí a dá ihò sí lára gba abẹ́ wọn kọjá lọ sí gọ́tà ńlá, kí gọ́tà náà sì rí ibi tí yóò dà sí, tí kì í ṣe àgbàlá àwọn aládùúgbò. Gbogbo iṣẹ́ yìí ni koríko ń bò mọ́lẹ̀. Kò sí àlejò pàtàkì kan tí yóò rí i ní ọjọ́ ìṣílé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ti kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ pa iṣẹ́ rẹ́.

Ohun tí ó wúwo ju omi lọ ni ẹ̀mí ènìyàn. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, ẹgbẹ́ Hearts of Oak àti Asante Kotoko pàdé ní ìlú Accra ní ilẹ̀ Gánà. Nígbà tí eré fẹ́ parí, àwọn kan fi ìbínú fọ́ àga ìjókòó, wọ́n sì ń jù wọ́n sí orí pápá. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú sí àárín èrò. Gbogbo ènìyàn sá lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì bá géètì ní títì. Ènìyàn 126 ni ó kú. Ilé kò wó lù wọ́n, iná kò jó wọn. Ọ̀nà àbájáde ni wọn kò rí. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bá. Pápá tí a bá kọ́ láìsí àtẹ̀gùn gbòòrò àti ilẹ̀kùn púpọ̀ tí ń ṣí sí òde, tí a kì í sì í tì nígbà tí èrò bá wà nínú rẹ̀, ọmọ tiwa ni yóò jókòó síbẹ̀.

Nípa ti owó, kí a rántí ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà. Olórí ìlú náà, Jean Drapeau, fọ́nnu kí eré Òlíńpíìkì ọdún 1976 tó dé pé bí ọkùnrin kò ti lè lóyún, bẹ́ẹ̀ náà ni eré náà kò lè jẹ gbèsè. Gbèsè ni ó bí! Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, wọn kò ì tíì parí òrùlé pápá náà. Wọ́n bu owó orí lé tábà nítorí rẹ̀, ọdún 2006 ni wọ́n sì tó san gbèsè náà tán. Ọmọ tí ó wà ní jòjòló nígbà tí wọ́n sá eré náà ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún kí àkọsílẹ̀ gbèsè tó parẹ́.

Síbẹ̀, a lè borí gbogbo ìṣòro wọ̀nyí, kí a sì tún kùnà níkẹyìn, bí a kò bá mọ ìtọ́jú. Ọdún 1972 ni a parí pápá ìṣiré ńlá ti Sùúrùlérè ní Èkó, níbẹ̀ ni a sì ti ṣe eré gbogbo Áfíríkà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973. Níbẹ̀ náà ni a ti na Algeria ní 3 sí òdo ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, tí Ṣẹ́gun Odégbàmí gbá méjì wọlé, tí Mudashiru Lawal sì gbá ẹyọ kan, tí Ife Áfíríkà fi kọ́kọ́ di tiwa. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí a wọ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, koríko rẹ̀ bàjẹ́, àga rẹ̀ fọ́, àwọn ènìyàn sì sọ àyíká rẹ̀ di ọjà àti ibùsùn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa kó lọ síbòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àìsàn àwa dúdú ni èyí, nítorí pé Maracanã tí a ń wí yìí, lẹ́yìn Òlíńpíìkì ọdún 2016, di ahoro fún ìgbà kan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, koríko rẹ̀ ti gbẹ, àwọn olè ti kó ẹrù níbẹ̀, wọ́n sì ti gé iná rẹ̀ nítorí gbèsè, níbi tí àwọn tí ó yẹ kí ó tọ́jú rẹ̀ ti ń jà pé ta ni ẹrù iṣẹ́ náà já lé léjìká. Ohun tí kò bá ní alábòójútó kan pàtó, ibi gbogbo ni ó ti ń bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òṣèlú kan tàbí òmíràn, bí aṣáájú yín bá tún dúró lórí pẹpẹ tí ó ń ṣèlérí pápá ìṣiré, ẹ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé: ta ni ó yẹ ilẹ̀ náà wò, níbo sì ni omi rẹ̀ yóò dà sí? Ilẹ̀kùn mélòó ni yóò ní? Èló ni a ó yá, ọdún wo ni a ó sì san án tán? Èló ni ètò ìnáwó ọdọọdún yóò yà sọ́tọ̀ fún koríko, iná àti omi rẹ̀, ta sì ni yóò jíhìn rẹ̀? Bíbéèrè báyìí kì í ṣe ọ̀tẹ̀ sí ẹgbẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ kí iṣẹ́ ẹgbẹ́ òun pẹ́ ní ń bèèrè.

Fún ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n kọ́ pápá tí yóò máa ṣí ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún àwọn ọlọ́lá. Ẹ bèèrè pé kí òfin fi ọjọ́ kan pamọ́ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé pápá tí ọmọdé ń sáré lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò lè di ibùgbé eku láìsí ẹni tí yóò kígbe.