Ọjọ́ Wo Ni Ojúde Ọba?

Nígbà tí Iléyá 2025 ku díẹ̀, ẹnì kan béèrè lórí gúrúùpù WhatsApp kíláàsì wa pé, "Ọjọ́ wo ni Ojúde Ọba?" Wọ́n dá a lóhùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni mẹ́rin ti tún béèrè ohun kan náà. Èmi gan-an ni ẹni kẹrin!

Kí ló fà á? Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tó dé kẹ́yìn la máa ń rí. Àwàdà àti sítíkà ti bo ìdáhùn mọ́lẹ̀. Ìkejì, ó wù wá ká gbọ́ látẹnu ẹni ju ká wá a fúnra wa lọ. Ìkẹta, òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ọjọ́ náà kì í dúró sójú kan: ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni ní 2024, ọjọ́ 8 ni ní 2025.

Àmọ́ ó máa ń rẹ ẹni tó ń dáhùn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa kan béèrè aago ìdánwò ìṣirò, kò sẹ́ni tó fọhùn. A ti ń ṣe é lọ kó tó dé.

Abéèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òkè. Ẹ tẹ "Ojúde" síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀, ìdáhùn á jáde: ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Ẹ má tún bi mí o!