Àmì Ohùn Nínú Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá: Ìyípadà Tí Ó Dé Bá Iṣẹ́ Ìwé Yorùbá

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Iṣẹ́ títẹ ìwé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí òwe yìí bá mu jù lọ ní àkókò tí a wà yìí. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ipa tí ẹ̀rọ ayárabíàṣá ti ní lórí iṣẹ́ náà, pàápàá lórí ìwé tí a kọ ní èdè Yorùbá. A óò ṣe àlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí tẹ́lẹ̀, a óò fi ibi tí ìṣòro wà hàn, a óò sì dá àwọn ọ̀rọ̀-ìperí díẹ̀ lábàá, kí àwọn onímọ̀ lè yẹ̀ wọ́n wò.

Bí iṣẹ́ náà ti rí tẹ́lẹ̀

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta. Lẹ́tà tí a fi irin rọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tí kò bá ní lẹ́tà tí ó gba àmì lórí àti nísàlẹ̀ nínú àpótí rẹ̀ ní láti wá ọgbọ́n dá sí i, tàbí kí ó fo àmì náà. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé alábọ́ọ́dé ti ọ́fíìsì dé, púpọ̀ nínú wa ni ó ń fi gègé kán àmì sí abẹ́ ẹ àti ọ lẹ́yìn tí a bá ti yọ bébà kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìpàdé àkọtọ́ tí a ṣe ní Èkó ní 1875 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sọ bí ó ṣe yẹ kí a kọ èdè wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú àpótí atẹ̀wé ni ó ń sọ bí a ṣe lè kọ ọ́.

Ìnáwó tún jẹ́ ìdíwọ́ mìíràn. Iye tí a ó ná láti to lẹ́tà kò yàtọ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀dà kan ni a fẹ́ tẹ̀ tàbí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Nítorí náà, ìwé tí òǹkàwé rẹ̀ kò pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ tàbí àkójọpọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí, kì í sábà rí ẹni gbà á tẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ tuntun mú wá

Ní ọdún 1985 ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé LaserWriter àti ètò PageMaker jáde ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni ẹni kan ṣoṣo ti lè jókòó nínú yàrá rẹ̀ kí ó to odindi ìwé. PDF, tí ó ń jẹ́ kí ojú-ìwé rí bákan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ, dé ní 1993. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, ó ti ṣeé ṣe láti tẹ ẹ̀dà ìwé kan péré fún ẹni kan péré tí ó béèrè fún un. Ní 2007 ni Kindle dé, tí ó sọ ìwé di ohun tí a lè kà láìsí bébà rárá.

Ìyípadà yìí fi àlàfo kan hàn nínú ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtẹ̀wé, ni a ń lò fún iṣẹ́ ẹni tí ó ń fi tàdáwà lu bébà, òun náà ni a sì ń lò fún iṣẹ́ ẹni tí ó yan ìwé, tí ó tún un ṣe, tí ó sì fi í síta. Ní ayé lẹ́tà irin, èyí kò dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé ìwé tí a kò tẹ̀ kò lè jáde. Lónìí, ìwé lè jáde láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́. A dá a lábàá, nítorí náà, pé kí a fi ìtẹ̀wé sílẹ̀ fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí a sì máa pe ìkejì ní ìgbéwèéjáde. Ẹni tí ó ń ṣe é yóò jẹ́ agbéwèéjáde, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé agbéròyìnjáde.

Lẹ́tà di òǹkà

Ẹ̀rọ ayárabíàṣá kò mọ lẹ́tà. Òǹkà nìkan ni ó mọ̀. A ní láti fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀, èyí tí a dá lábàá láti pè ní òǹkà ìdámọ̀. Ètò ASCII tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1963 kò ní ju àyè 128 lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Kò sí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ kọ Yorùbá wá dọ́gbọ́n: wọ́n ṣe fọ́ńtì tí ó gba àyè àmì mìíràn, tí ó sì fi lẹ́tà wa sí ibẹ̀. Lójú ẹni tí ó ní fọ́ńtì náà, ohun gbogbo pé. Bí a bá gbé iṣẹ́ náà lọ sórí ẹ̀rọ tí kò ní in, gbogbo rẹ̀ di rúdurùdu.

Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó mú ìrọ̀rùn wá. Ètò yìí fún ẹ, ọ àti ṣ ní òǹkà ìdámọ̀ tiwọn. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, nítorí náà a kò dá nìkan wà. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní òǹkà kan ṣoṣo. A ní láti so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. A lè pe irú àmì bẹ́ẹ̀ ní àmì àsomọ́.

Ibi tí ìṣòro fara pamọ́ sí nìyí. A lè kọ ẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta, ó kéré tán: kí a mú ẹ kí a so àmì òkè mọ́ ọn, kí a mú é kí a so àmì ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, tàbí kí a mú e lásán kí a so méjèèjì mọ́ ọn. Ojú ènìyàn kò lè rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n òǹkà wọn kò dọ́gba. Ètò kan wà nínú Unicode tí ó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀kan; ìmúdọ́gba ni a dá lábàá láti pè é. Síbẹ̀, bí òǹkọ̀wé bá lo ìlà kékeré òòró dípò àmì tó-tó ní abẹ́ lẹ́tà, ìmúdọ́gba kò ràn án, nítorí pé àmì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ kà wọ́n sí.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni àdánù tí ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Bí àmì bá sọnù, gbogbo wọn di oko, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ibi tí àgbẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀kan nínú ìwé orí ẹ̀rọ lè má rí i, bí ó tilẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí òǹkọ̀wé gbà kọ ọ́ yàtọ̀ sí èyí tí òun gbà tẹ̀ ẹ́. Ìwé tí a kò bá lè rí ohun inú rẹ̀ kò sàn ju èyí tí a tì mọ́ inú àpótí lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni títo ọ̀rọ̀. Gèlè ṣáájú gbogbo nínú ìwé atúmọ̀ èdè wa, nítorí pé g ṣáájú gb nínú álífábẹ́ẹ̀tì. Bí a kò bá kọ́ ẹ̀rọ pé lẹ́tà kan ni gb, yóò gbé gbogbo ṣáájú gèlè.

Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe pé kí a sá fún ẹ̀rọ ni a ń wí. Ẹ̀rọ yìí kan náà ni ó jẹ́ kí ìwé tí igba ènìyàn péré nílò lè jáde láìsí gbèsè. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju mẹ́ta lọ. Kí àwọn òǹkọ̀wé kọ àmì wọn pé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ de ẹlòmíràn. Kí àwọn agbéwèéjáde ṣe ìmúdọ́gba fún gbogbo iṣẹ́ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì kà á lórí ẹ̀rọ tí ó ju ọ̀kan lọ. Kí àwa onímọ̀ èdè náà fohùn ṣọ̀kan lórí àmì abẹ́ lẹ́tà, kí a yan ọ̀kan, kí a sì dúró tì í.

Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ kò lè mọ ohun tí a fẹ́ bí àwa fúnra wa kò bá tíì pinnu. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.