Ìdìbò Ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951

Nígbàkúùgbà tí a bá ńjiyàn nípa ìṣèlú láàrin ara wa, ẹnìkan kò ní ṣàì mẹ́nu ba àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ tí nwọ́n fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn ní Ibadan ní 1952. Ó yẹ kí á kọ́kọ́ wádìí bí a ti yàn wọ́n.

Òfin Gómìnà Macpherson ti 1951 fún Ìwọ̀-Oòrùn ní ọgọ́rin àyè fún àwọn tí a ó dìbò yàn sí Ilé Ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, asanwó-orí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ọmọ Ìgbìmọ̀. Aṣojú àdúgbò ni ó yàn. Àwọn aṣojú tún yan àwọn mìíràn. Àwọn wọ̀nyí ni nwọ́n yan ẹni tí yóò lọ sí Ibadan. Omi tí a bá ńdà láti inú igbá kan sí òmíràn kì í ṣàì dànù díẹ̀!

Ẹgbẹ́ Action Group ti Ọ̀gbẹ́ni Awolowo, tí a ṣí ní Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà, kò tíì pé ọdún kan. NCNC ti Dókítà Azikiwe ti wà láti 1944. Àwọn kan kò dúró ní orúkọ ẹgbẹ́ kankan, nítorí náà ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ńsọ pé òun ni ó borí. Àwọn mẹ́fà ti Ibadan Peoples Party wọlé ní Ibadan; márùn-ún darapọ̀ mọ́ Action Group, Adegoke Adelabu nìkan ni ó dúró ti NCNC. Azikiwe, tí Èkó yàn, di alátakò.

Àwa kò sọ pé kò sí ẹ̀tànú ẹ̀yà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò yàn ní orúkọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ wo ni ó dà?

Ní 1956 ni àwọn ènìà tó fi ọwọ́ ara wọn dìbò: Action Group mú àyè 48, NCNC mú 32.