Ipa Tí Àfarawé Ipò Àìwúwo Ń Ní Lórí Iná Ọkàn

Ohun tí bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni bí iná tí ń mú ọkàn lù ṣe ń yí padà nígbà tí ènìyàn bá wà ní ipò àìwúwo. Ní 1971, ọkàn James Irwin, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lọ sí òṣùpá nínú Apollo 15, lù ségesège lẹ́nu ìrìn-àjò náà. Ní oṣù Keje 1987, wọ́n dá Aleksandr Laveykin padà láti ibùdó Mir kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí ìlù ọkàn tí kò gún. Ṣé àìwúwo ni ó fà á, àbí àṣekúdórógbó àti àárẹ̀?

Nítorí pé ó ṣòro láti ya wọ́n sọ́tọ̀ lókè ọ̀hún, ibùsùn ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àfarawé. Àwọn ará Soviet ni wọ́n ṣáájú nínú ọ̀nà yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọn a tẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá sórí ibùsùn tí ó fi dígírì 6 dagun síhà orí. Ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, ibẹ̀ ni yóò ti máa tọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá pe èyí ní ìsinmi kò tíì dán an wò.

Omi ara tí ó yẹ kí ó wà ní ẹsẹ̀ yóò wọ́ lọ sí àyà. Ara yóò ṣe bí ẹni pé omi ti pọ̀ jù, yóò sì máa tọ̀ ọ́ dànù; iyọ̀ àti potasíọ̀mù a máa bá a lọ. Potasíọ̀mù yìí gan-an ni ó jẹ wá lógún. Bí ọkàn bá ti lù, jíjáde tí ó ń jáde láti inú iṣan ọkàn ni iná náà fi ń padà sí ipò ìsinmi. Bí ó bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, ìpadàbọ̀ yìí a falẹ̀: nínú àwòrán iná ọkàn, ìgbì T a tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ìlù mìíràn bá dé nígbà tí apá kan ti sinmi tí apá kejì kò tíì sinmi, ọkàn lè lù ségesège. Abájọ tí wọ́n fi bu potasíọ̀mù sí omi ọsàn àwọn ará Apollo 16 ní 1972.

Lára àwọn ọkùnrin tí wọ́n dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, a rí àwọn tí gíga ìgbì T wọn ń pààrọ̀ láti ìlù kan sí èkejì, ní ìwọ̀n tí ẹ̀rọ nìkan lè rí. Iṣan ọkàn pàápàá a máa joro: ìwádìí kan ní 2001 fi hàn pé ọ̀sẹ̀ 6 lórí ibùsùn fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 dín ìwúwo iṣan yàrá òsì ìsàlẹ̀ ọkàn kù.

Ṣùgbọ́n ibùsùn kò mú òòfà ilẹ̀ kúrò. Ìhà tí ó ń fa ara sí nìkan ni ó yí padà. Bí àyípadà kan bá hàn lórí ibùsùn àti lófuurufú, a lè fura sí omi ara àti àìlo iṣan. Ní ti Irwin, iṣẹ́ tí ó ṣe lójú òṣùpá wà lára ohun tí ibùsùn kò lè farawé.